Láti Achimota dé Ọ̀jọ́: Ìtàn Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Àwọn Òṣìṣẹ́ Ilé-Ìkàwé

Ìjọba Alhaji Lateef Jakande, tó ṣàkóso Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1979 sí 1983, ló kọ́ Ìbà Housing Estate sí agbègbè Ọ̀jọ́. Ìjọba yìí kan náà ló dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, sílẹ̀ ní 1983, olú-ọgbà rẹ̀ sì múlé ti ẹ̀sítéètì náà. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ yunifásítì ti ń gba yàrá sí Ìbà àti Okokomaiko. Inú ọgbà LASU ni Fatiu Ademola Akesode Library wà, tí wọ́n fi orúkọ ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá àgbà yunifásítì náà tẹ́lẹ̀ sọ. Bí a bá tẹ̀lé ọ̀nà márosẹ̀ Badagry síwájú, a ó dé Ọ̀tọ̀-Ìjànikin, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni Adéníran Ògúnsànyà wà, èyí tó di Lagos State University of Education ní 2022.

Gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ló ní ilé-ìkàwé, gbogbo ilé-ìkàwé ló sì nílò ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dunjú. Ìwé kò lè rí ara rẹ̀ tò sórí pẹpẹ. Ẹnì kan ní láti yẹ̀ ẹ́ wò, kó sọ ẹni tó kọ ọ́, ohun tó dá lé, ibi tó yẹ kó wà, kó sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́nà tí ẹlòmíràn yóò fi rí i. Orí yìí sọ bí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà ní Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè tó yí i ká ṣe ń kọ́ ọ, láti ìgbà tí àṣẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn òyìnbó títí di ìgbà tí òfin ilẹ̀ yìí fi gbà á. Ohun tí ìtàn náà fi hàn ni pé òfin iṣẹ́ yìí kì í dúró lójú kan, àti pé ìwé tí a kọ ní èdè wa ní ìṣòro tí kò sí nínú ìwé òyìnbó. Nítorí ìdí méjèèjì yìí, ìwé-ẹ̀rí nìkan kò tó òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé. Ó gbọ́dọ̀ máa kẹ́kọ̀ọ́ títí yóò fi fẹ̀yìn tì.

Kí ilé-ẹ̀kọ́ tó dé

Ní Amẹ́ríkà, Melvil Dewey, ẹni tó gbé ètò ìpín-ìwé tí à ń fi orúkọ rẹ̀ pè jáde ní 1876, ló ṣí ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ fún òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé ní Columbia College, New York, ní oṣù Kìn-ín-ní 1887. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Library Association, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1877, ló ń ṣe ìdánwò fún àwọn òṣìṣẹ́. Ní 1919, University College London náà ṣí ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ náà gbà di ẹ̀kọ́ níbẹ̀: àwọn kan lọ sí yunifásítì, àwọn tó pọ̀ jù sì ń ṣiṣẹ́ lójúmọ́ tí wọ́n sì ń múra ìdánwò ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní alẹ́.

Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kò sí ọ̀kankan nínú méjèèjì. Owó Carnegie Corporation ti New York wà lára ohun tó gbé Lagos Library dìde ní 1932, ṣùgbọ́n ọmọ ẹgbẹ́ tó bá sanwó nìkan ló ń lò ó, àwọn òyìnbó ló sì pọ̀ jù nínú ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ yìí tó bá rí iṣẹ́ sí irú ilé bẹ́ẹ̀, ojú iṣẹ́ ló ti ń kọ́ ọ. Ó ń wo bí ọ̀gá ṣe ń ṣe é, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó ń kọ́ ọ ní ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Achimota, 1944

Ọdún 1944 ni ìgbìyànjú àkọ́kọ́ wáyé. British Council àti àwọn ìjọba ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ṣí ilé-ẹ̀kọ́ kan sí Achimota College nítòsí Accra, ní Gold Coast tí à ń pè ní Gánà lónìí. Ethel Fegan, tó ti ṣe alábòójútó ilé-ìkàwé Girton College ní Cambridge rí, ni wọ́n fi ṣe olórí rẹ̀. Ìdánwò Library Association ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń múra àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ fún. Kalu Okorie, tó padà di olórí ilé-ìkàwé Ìhà Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà, wà lára àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ náà kò pẹ́ láyé. Ọ̀wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo ló gbà, wọ́n sì ti í pa ní 1945. Síbẹ̀, ó fi ohun méjì lélẹ̀. Àkọ́kọ́, ó fi hàn pé ọmọ Áfíríkà lè kọ́ iṣẹ́ náà ní ilẹ̀ rẹ̀ láìkọjá òkun. Èkejì, ó fi àìtó tó wà nínú ìdánwò òyìnbó hàn. Ìtàn ilé-ìkàwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin rẹ̀ àti ìwé rẹ̀ ni ìdánwò náà dá lé. Ẹni tó bá yege nínú rẹ̀ lè ṣiṣẹ́ ní Manchester, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bí yóò ṣe to ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Abẹ́òkúta.

Ìbàdàn di ojúkò

Nígbà tí University College Ibadan bẹ̀rẹ̀ ní 1948, John Harris, tó wá láti New Zealand, ló ṣe alábòójútó ilé-ìkàwé rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀kan nínú ohun pàtàkì tó bá níbẹ̀ ni ìwé Dókítà Henry Carr, ọ̀mọ̀wé ará Èkó tó kú ní 1945. Nǹkan bí 18,000 ìwé ni Carr kó jọ nígbà ayé rẹ̀, ìjọba sì rà wọ́n fún yunifásítì. Láti 1950, òfin pàṣẹ pé kí ẹni tó bá tẹ ìwé ní Nàìjíríà fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Ilé-ìkàwé náà wá ń ṣe àkójọ àwọn ìwé tí wọ́n ń tẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí lábẹ́ orúkọ Nigerian Publications. Iṣẹ́ yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí National Library fi gbà á ní 1970.

Òfin 1950 yìí sọ yàrá kátálọ́ọ̀gù Ìbàdàn di ilé-ẹ̀kọ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni pè é bẹ́ẹ̀. Ìwé àdúrà, ìwé ìtàn ìlú, ìwé orin, ìwé aláwòkọ́ṣe, gbogbo rẹ̀ ló ń wọlé, ní Yorùbá, Haúsá, Ígbò, Ẹ̀fíìkì àti àwọn èdè mìíràn. Kò sí ilé-ìkàwé ní Yúróòpù tó ti ṣe kátálọ́ọ̀gù ọ̀pọ̀ nínú wọn tí èèyàn lè dà kọ. Ìwé náà ló ń kọ́ òṣìṣẹ́.

Ní 1953, UNESCO ṣe àpérò kan ní Ìbàdàn lórí ilé-ìkàwé gbogbogbòò ní Áfíríkà. Àpérò yìí ló bí Ẹgbẹ́ Ilé-Ìkàwé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1954. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀ sí í gba òmìnira, ẹgbẹ́ náà pín. Ní 1962, Nàìjíríà dá Nigerian Library Association sílẹ̀. Kó tó dìgbà náà, ní 1957, Carnegie Corporation ti rán Harold Lancour, ọ̀mọ̀wé ilé-ìkàwé kan láti Amẹ́ríkà, kó wá yẹ ilé-ìkàwé ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì wò. Ó dábàá pé kí wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ tòótọ́ sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Carnegie fi dọ́là 88,000 ṣe ìrànwọ́, Institute of Librarianship sì ṣílẹ̀kùn ní Ìbàdàn ní 1960, ọdún òmìnira.

Ìdánwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Institute náà kọ́kọ́ ń kọ́ni fún. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé ohun tí kò tẹ́ni lọ́rùn ní Achimota kò lè tẹ́ni lọ́rùn ní Ìbàdàn. Ní 1963, wọ́n pa ìdánwò òkèèrè tì, wọ́n sì gbé dípúlómà tiwọn kalẹ̀ fún àwọn tó ti gboyè yunifásítì. Ní 1965, ó di ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nínú ẹ̀ka ńlá ìmọ̀ ìkọ́ni. Ìgbésẹ̀ 1963 yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn tí à ń sọ, nítorí ìgbà náà ni ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ yìí kọ́kọ́ di ẹni tó ń pinnu ohun tó yẹ kí òṣìṣẹ́ ilẹ̀ yìí mọ̀.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló gbà pé ọ̀nà Ìbàdàn nìkan ló dára. Ní Ìhà Àríwá, níbi tí àwọn tó ti gboyè yunifásítì kò tíì pọ̀, F. A. Sharr dábàá nínú ìjábọ̀ rẹ̀ ní 1963 pé kí wọ́n máa kọ́ni ní iṣẹ́ ilé-ìkàwé láti ìbẹ̀rẹ̀ yunifásítì. Ní 1968, Ahmadu Bello University, Zaria, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi ìmọ̀ ilé-ìkàwé gba oyè àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn náà, ọ̀nà méjèèjì fìdí múlẹ̀, yunifásítì mìíràn sì darapọ̀. Àwọn pólì náà ń fún àwọn igbákejì òṣìṣẹ́ ní dípúlómà.

Ní apá ibòmíràn, Accra ní ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ láti 1961, tó kó lọ sí Legon ní 1965. Ní ilẹ̀ tó ń sọ Faransé, Dakar ni ojúkò. UNESCO ṣèrànwọ́ láti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà níbẹ̀ ní 1963, ó sì di EBAD, ilé-ẹ̀kọ́ yunifásítì Dakar fún òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé àti àkójọ ìwé ìjọba, ní 1967. Nítorí náà, ọmọ Yorùbá láti Kétu tàbí Pọ́bẹ̀ ní Benin tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ yìí, Dakar ni ojú ọ̀nà rẹ̀, ní èdè Faransé, nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ tàbí Ìláròó ń lọ sí Ìbàdàn. Èdè kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ nílé, ṣùgbọ́n ìlànà iṣẹ́ wọn kò wá láti ibì kan náà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògúnṣẹ̀yẹ àti Abadina

Orúkọ tí a kò lè fò nínú ìtàn Ìbàdàn ni ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Felicia Adétòwun Ògúnṣẹ̀yẹ, tí wọ́n bí ní 1926. Ó kàwé ní Queen's College, Èkó, àti ní Yaba Higher College. Ó kẹ́kọ̀ọ́ jọ́gíráfì ní Newnham College, Cambridge, kó tó lọ gba oyè kejì nínú ìmọ̀ ilé-ìkàwé ní Simmons College, Boston, ní 1962. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nàìjíríà, ó sì ṣe olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ náà ní Ìbàdàn.

Ní 1974, ó dá Abadina Media Resource Centre sílẹ̀ nínú ọgbà yunifásítì. Ilé-ìkàwé àwọn ọmọdé ni, ó sì tún jẹ́ ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìkàwé ti ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe ohun tí wọ́n kà nínú kíláàsì. Wọ́n ń yan ìwé fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń ṣe kátálọ́ọ̀gù rẹ̀, wọ́n sì ń rí ọmọ tó ń wá ìwé náà. Ẹni tó bá ti rí ọmọ ọdún mẹ́jọ tó dúró níwájú pẹpẹ tí kò rí ohun tó ń wá yóò mọ ìdí tí iṣẹ́ kátálọ́ọ̀gù fi gbọ́dọ̀ rọrùn fún òǹkàwé.

Iṣẹ́ kátálọ́ọ̀gù ní ojú ìwòye

Kí a tó sọ bí òfin iṣẹ́ náà ṣe yí padà, ó yẹ kí a wo iṣẹ́ ọ̀hún fúnra rẹ̀. Ká mú ìwé D. O. Fágúnwà, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tó jáde ní 1938. Láyé káàdì, òṣìṣẹ́ yóò mú káàdì tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 12.5, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 7.5. Yóò táìpù orúkọ òǹkọ̀wé, Fagunwa ṣáájú, D. O. lẹ́yìn. Lábẹ́ rẹ̀ ni àkọlé, ìlú tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé, ọdún àti iye ojú-ìwé. Ní igun òkè lápá òsì ni nọ́ńbà rẹ̀ wà: lábẹ́ Dewey, lítíréṣọ̀ Yorùbá wà ní 896.333, lábẹ́ ètò Library of Congress, èdè àti lítíréṣọ̀ Yorùbá wà láti PL8821 dé PL8824. Lẹ́yìn náà, yóò ṣe káàdì mìíràn fún àkọlé àti òmíràn fún kókó ọ̀rọ̀, kí òǹkàwé tó mọ ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè bá a. Táìpùráítà Gẹ̀ẹ́sì kò ní ẹ, ọ àti ṣ, bẹ́ẹ̀ ni kò ní àmì ohùn. Òṣìṣẹ́ tó bá bìkítà ní láti fi kálámù sàmì sí i.

Orúkọ ènìyàn náà ní ìṣòro tirẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Èkó ń jẹ́ David Brown Vincent, orúkọ yẹn ló sì ń fi kọ̀wé. Ní 1894 ó pa orúkọ òyìnbó tì, ó di Mọ́jọlá Àgbébí. Bí òṣìṣẹ́ kò bá mọ ìtàn yìí, yóò kó ìwé ẹnì kan ṣoṣo sí abẹ́ orúkọ méjì, òǹkàwé tó bá wá Àgbébí yóò sì pàdánù ohun tó kọ ṣáájú 1894. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ yóò kó gbogbo rẹ̀ sí abẹ́ Agbebi, yóò sì fi káàdì sí abẹ́ Vincent tó ń darí ènìyàn lọ síbẹ̀.

Kókó ọ̀rọ̀ ló le jù. Bí ìwé ẹsẹ Ifá bá dé sórí tábìlì, Dewey fi 133.3 sílẹ̀ fún iṣẹ́ wíwò, ó fi 299.68333 sílẹ̀ fún ẹ̀sìn Yorùbá, ó sì ní 896.333 fún lítíréṣọ̀. Ẹni tí kò mọ Ifá yóò sọ ọ́ sí 133.3, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé àwọn tó ń wo àtẹ́lẹwọ́. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ: òṣìṣẹ́ ní láti mọ̀ bóyá ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ń kọ́ni ní ẹ̀sìn ni, tàbí àkójọ ewì ni. Kò sí ìwé òfin láti New York tàbí London tó lè bá a pinnu rẹ̀. Ìmọ̀ èdè àti àṣà, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ iṣẹ́, ló lè ṣe é.

Bí òfin ṣe ń yí padà

Àwọn tó gba dípúlómà Ìbàdàn ní 1964 kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tí ìlànà tí wọ́n kọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ní 1967, òfin kátálọ́ọ̀gù Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì, AACR, jáde. Àtúnṣe ńlá rẹ̀, AACR2, dé ní 1978. Nílé, ilé-ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn, tí Harris ti fi ètò Henry Evelyn Bliss bẹ̀rẹ̀, bọ́ sínú ètò Library of Congress ní àwọn ọdún 1970. Ètò tí wọ́n fi kọ́ni tẹ́lẹ̀ di ohun àtijọ́, ìwé tó wà nílẹ̀ sì ní láti gba nọ́ńbà tuntun. Lónìí, ètò Library of Congress ló wọ́pọ̀ ní yunifásítì Nàìjíríà. Dewey ló wọ́pọ̀ ní ilé-ìkàwé gbogbogbòò àti ti ilé-ẹ̀kọ́.

Kọ̀ǹpútà ló mú ìyípadà tó tóbi jù wá. Láàárín àwọn ọdún 1960, Henriette Avram darí iṣẹ́ ní Library of Congress tó bí MARC, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń ka àkọsílẹ̀ ìwé. Ní Nàìjíríà, ìgbà tí iṣẹ́ yìí yẹ kó gbilẹ̀ ni owó náírà já lulẹ̀ lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀-ajé 1986, tí ilé-ìkàwé kò sì rí owó òkèèrè ra ìwé, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ kọ̀ǹpútà. Ní àwọn ọdún 1990, àjọ tó ń ṣàkóso yunifásítì, NUC, gbé TINLIB wá fún àwọn ilé-ìkàwé. Lẹ́yìn náà ni Koha dé. New Zealand ni wọ́n ti ṣe é, ní Horowhenua, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìn-ín-ní 2000, ọ̀fẹ́ sì ni. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ilé-ìkàwé Nàìjíríà gbà á nìyẹn.

Ọ̀fẹ́ kò sọ pé kò gba ẹ̀kọ́. Àpẹẹrẹ kan ni ti lẹ́tà Yorùbá. Nínú ìlànà àtijọ́ tí MARC fi ń tọ́jú lẹ́tà, àmì máa ń ṣáájú lẹ́tà tó ni ín. Nínú Unicode tí à ń lò báyìí, lẹ́tà ló ń ṣáájú àmì. Bí wọ́n bá kó àkọsílẹ̀ láti inú ọ̀kan sí èkejì láìtún un ṣe, àmì ìsàlẹ̀ yóò ṣí kúrò lábẹ́ ọ, àkọlé yóò sì dàrú lójú ìwòran. Òṣìṣẹ́ tó kọ́ nípa rẹ̀ yóò tún un ṣe; ẹni tí kò kọ́ yóò yọ gbogbo àmì kúrò, yóò sì rò pé òun ti yanjú ọ̀rọ̀. Ní 2010, òfin kátálọ́ọ̀gù tuntun kan, RDA, tún jáde láti rọ́pò AACR2, Library of Congress sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó pátápátá ní oṣù Kẹta 2013. Ẹni tó wọṣẹ́ ní 1975, tó fẹ̀yìn tì ní 2010, ti la òfin àti ẹ̀rọ lóríṣiríṣi kọjá lójú iṣẹ́ kan ṣoṣo.

Òfin 1995 àti ẹ̀kọ́ àṣetúnṣe

Fún ìgbà pípẹ́, kò sí òfin tó sọ ẹni tó lè pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Òfin ìjọba ológun nọ́ńbà 12 ti 1995 ló yí èyí padà. Ó dá Librarians' Registration Council of Nigeria sílẹ̀, LRCN, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó di ọdún 2002 kí iṣẹ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ìgbìmọ̀ yìí ló ń forúkọ àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ sílẹ̀, tó ń yẹ ilé-ẹ̀kọ́ wọn wò, tó sì gbé ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ dandan kalẹ̀ fún àwọn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Nigerian Library Association náà ní ẹ̀ka kan fún kátálọ́ọ̀gù, ìpín-ìwé àti atọ́ka, tó ń ṣe àpérò fún àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Láti 2011, TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún owó ẹ̀kọ́ gíga, ń ná owó sórí ilé-ìkàwé àti ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba.

Nínú yunifásítì, akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ilé-ìkàwé wà ní ipò olùkọ́. Ó ní láti máa ṣèwádìí, kó sì máa tẹ àpilẹ̀kọ jáde kó tó gba ìgbéga. Èyí dára fún ọlá iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ó ní ewu kan nínú: kátálọ́ọ̀gù tó péye kì í gbé ènìyàn ga bí àpilẹ̀kọ ṣe ń ṣe. Ibi tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bá ti dá lórí àpilẹ̀kọ nìkan, ìwé tuntun yóò jókòó sínú àpótí, òǹkàwé tó nílò rẹ̀ kò sì ní mọ̀ pé ó wà.

Ohun tí ìtàn yìí kọ́ni

Láti Achimota dé ìsinsìnyí, àṣẹ lórí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ yìí ti kúrò ní London, ó dé Ìbàdàn, ó sì ti bọ́ sọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tí òfin Nàìjíríà dá sílẹ̀. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà láti 1944 dé 1995 kò ṣiṣẹ́ lásán. Ṣùgbọ́n àwọn ìlànà tí a fi ń ṣe kátálọ́ọ̀gù ṣì ń ti òkèèrè wá, ìwé Yorùbá, Ẹ̀gùn àti àwọn èdè mìíràn tó wà ní Ọ̀jọ́ àti Badagry sì ṣì ń dúró de ẹni tó mọ èdè náà tó sì mọ iṣẹ́ náà pọ̀.

Nítorí náà, ibi mẹ́ta ló yẹ kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ iwájú ti bẹ̀rẹ̀. Kí ilé-ẹ̀kọ́ ilé-ìkàwé sọ kátálọ́ọ̀gù ìwé èdè abínibí di ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, gẹ́gẹ́ bí Abadina ti ṣe fún ìwé ọmọdé. Kí àwọn agbanisíṣẹ́ ka iṣẹ́ kátálọ́ọ̀gù tó péye kún ìgbéga. Kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama àti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà láàárín Ìbà, Okokomaiko àti Ọ̀tọ̀-Ìjànikin sì bá àwọn yunifásítì méjì tó wà nítòsí wọn ṣe àdéhùn, kí òṣìṣẹ́ tó kọ́ṣẹ́ lè máa wá kọ́ olùkọ́ tí wọ́n fi ṣọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ìwé. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ọ̀nà rẹ̀ kò jìn, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà sì ti wà ládùúgbò.